Fìlà Ti Gbà

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kẹwàá, 1987

Ọkọ mi ti di ènìyàn ńlá. Ìgbìmọ̀ ìlanilọ́yẹ ìlú ti yàn án. Kí a tó dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní oṣù Kejìlá, Theophilus ni yóò máa kárí Ìjẹ̀bú-Òde àti àwọn ìlú tó yí wa ká, tí yóò máa la àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá ìjọba yé aráàlú ní èdè tó rọrùn. Aṣojú. Ẹ̀tọ́. Òmìnira. Ìjọba àwarawa. Ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ gírámà ní ẹ̀kọ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, tí kò sì sọ fún mi rí ibi tó ń lọ tó bá ti wọ bàtà.

Mo bi í pé ta ló yàn án. Ó ní ìgbìmọ̀. Mo ní ta ló yan ìgbìmọ̀. Ó ní kí n lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.

Láti òní lọ, nínú ìwé yìí, Alálàyé ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kẹwàá

Alálàyé ń fi wá kọ́ṣẹ́. Pálọ̀ ni gbọ̀ngàn, èmi àti Bọ́lánlé ọmọ wa ni aráàlú. Ó dúró sẹ́yìn àga ìjẹun, ó wúkọ́. Ó ní aṣojú ni ẹni tó dúró gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ìfẹ́-inú àpapọ̀ àwọn tí kò lè fi ara hàn nínú àpérò. Bọ́lánlé yán. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìjagun ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ìwé ń dẹ́rù bà. Tí òun bá yán, aráàlú á sùn.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ìwé. Mo ní kó wò ó báyìí: bí mo bá fẹ́ rán búbá fún ìyàwó pásítọ̀, mi ò ní í ní kó wá dùbúlẹ̀ sórí tábìlì kí n máa gé aṣọ lára rẹ̀. Màá wọ̀n ọ́n, màá gé bébà. Pátánù yẹn ló máa ṣojú rẹ̀ níwájú sísọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá wọn obìnrin náà, pátánù ta ni mo gé?

Alálàyé ní ọ̀rọ̀ aṣọ kò bá ọ̀rọ̀ ìjọba mu. Nígbà tí mo ń kó àwo kúrò, mo rí i tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Kẹwàá

Lẹ́yìn ìsìn. Màmá Susannah wá láti Ayépé. Opó ni, òun àti Alálàyé jọ kọrin nínú kwáyà nígbà èwe. Ó gbé fọ́tò dání nínú fírémù aláwọ̀ góòlù. Frederick ọmọ rẹ̀ ni, tó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó fẹ̀yìn ti mọ́tò pupa kan, ó ń wo iwájú bí ẹni tó ni ọ̀nà.

Màmá Susannah ní Frederick ń tọrọ Bọ́lánlé. Ó ní iṣẹ́ ò ní jẹ́ kó wá fún ìdána, fọ́tò yóò jókòó dípò rẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é báyìí. Lẹ́yìn ìdána, ìyàwó á wọ ọkọ̀ òfurufú bá a lọ. Inú Alálàyé dùn débi pé ó gbàgbé láti ṣàlàyé nǹkan kan.

Wọn ò bi Bọ́lánlé, ó wà lẹ́yìnkùlé. Wọn ò bi èmi náà, èmi ni mò ń gbé omi. Nígbà tí mo sọ fún ọmọ náà, ohun kan ṣoṣo tó rántí nípa Frederick ni pé kì í mú ohùn nínú kwáyà.

Mo ti sọ Màmá Susannah ní Ìyá Fọ́tò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kẹwàá

Fọ́tò ti wà lórí tẹlifíṣàn. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń gbálẹ̀, kò sì ràn mí lọ́wọ́. Ọkọ gidi ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kẹwàá

Gbọ̀ngàn ìlú kún. Alálàyé wọ agbádá aláwọ̀ ewéko àti fìlà abetí-ajá rẹ̀, ti àrán. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́-inú àpapọ̀, ó rí i pé ojú àwọn èèyàn ń kú lọ, ló bá fa pátánù yọ. Pátánù mi. Ó ní àpẹẹrẹ kan ni tó ṣàdéédéé sọ sí òun lọ́kàn. Àwọn obìnrin mi orí. Ìyàwó pásítọ̀ tilẹ̀ yíjú wo búbá ara rẹ̀.

Alhaja Ràmọ́tà dìde. Aládùúgbò wa ni, ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ló tóbi jù ládùúgbò, kì í sì bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ ní jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, aṣojú tí èèyàn ò rán ńkọ́? Tó kàn dé, tó ní òun ló ń ṣojú wa?"

Alálàyé na ìka sókè. "Aṣojú tí a kò rán, ojú ara rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹni tí a kò bi, kò tíì gbà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹni tó dákẹ́ ti gbà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Mi ò ní í purọ́, orí mi wú. Ọkùnrin yìí dára púpọ̀ lórí pèpéle.

Bọ́lánlé wà ní bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé tó fẹ́ràn, tó wá rí i pé wọ́n ti ya ojú ìwé kan.

Ọjọ́ Ajé, 26 Oṣù Kẹwàá

Bọ́lánlé wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Màmá, ṣé wọ́n bi yín?"

Mo ní wọn ò bi mí. Ó ní kí ni mo wá sọ. Mo ní mo sọ pé omi náà tutù, kí Màmá Susannah mu ún. A rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà tán lẹ́nu wa.

Ó ní òun ò kọ ọkọ. Òun ò tilẹ̀ kọ Frederick. Kó wá. Bí kò bá lè wá, kó pè. Kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún òun, kí òun náà fi ẹnu ara òun dáhùn. Ìyẹn nìkan lòun ń bèèrè. Mo ní ìyẹn ò pọ̀, màá bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Mo bá a sọ ọ́ nígbà tó ń jẹun. Ó ní, "Edith, ohun tí fọ́tò wà fún náà nìyẹn." Ó ní kí n bu ẹran sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kọkànlá

Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ẹbí Ayépé ń bọ̀ nílé wa. Alálàyé sì ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ kan náà ní Ìjẹ̀bú-Imusin. Àkọlé rẹ̀: Kí Ọmọ Ìlú Wà Níbẹ̀ Fúnra Rẹ̀. Ó ní kò ṣeé sún síwájú.

Ó ṣí fìlà abetí-ajá rẹ̀, ó gbé e lé àga rẹ̀, ó dé òmíràn jáde. Mo mọ àṣà náà. Bàbá tí kò bá lè wà níbẹ̀, fìlà rẹ̀ á jókòó. Bàbá mi náà ṣe é lọ́jọ́ tèmi. Àìsàn ló dá bàbá mi dùbúlẹ̀, kì í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Bọ́dúnrìn, àbúrò ọkọ mi, ni wọ́n fi ṣọ́ fìlà. Agbé-fìlà. Àwọn ọkùnrin Ayépé wọlé, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún fìlà. Ìyá Fọ́tò kúnlẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀, ó ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà Dádì. Fìlà kò dáhùn. Wọ́n ní ìwà pẹ̀lẹ́ ló ní.

Àgbà Ayépé kan bèèrè pé ṣé bàbá ọmọ gbà. Agbé-fìlà gbé fìlà sókè, ó mì í díẹ̀, ó gbé e padà.

"Fìlà ti gbà."

Gbogbo wọn hó. Àgbà náà tún bèèrè pé ìyá ọmọ ńkọ́. Agbé-fìlà ní bí bàbá bá ti gbà, ìyá ti gbà nìyẹn. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ìkọ́kọrẹ́. Ọwọ́ mi ni nǹkan kún, ẹnu mi ṣófo, mi ò sì sọ nǹkan kan. Inú bí mi sí ara mi títí di ìsinsìnyí tí mò ń kọ èyí.

Bọ́lánlé ní òun ní ọ̀rọ̀ kan. Agbé-fìlà ní ọjọ́ ìdána ni ìyàwó ń sọ̀rọ̀, kó ní sùúrù. Ọmọ náà yíjú sí àga bàbá rẹ̀. Fìlà náà ní etí méjì, gígùn gbọọrọ, kò gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kọkànlá

Alálàyé ní wọ́n pàtẹ́wọ́ púpọ̀ ní Imusin. Ó bi mí pé báwo ni ti ilé. Mo ní kó bi fìlà.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n ti mú ọjọ́. Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá. Mo lọ ra òwú funfun lọ́dọ̀ Alhaja Ràmọ́tà, mo sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu mi.

Ó ní, "Lọ́dọ̀ tiwa, walí, ẹbí tó dúró fún ọmọ, ló ń fà á fún ọkọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ wọ yàrá lọ bá ọmọ, wọ́n á bi í. Tí wọn ò bá tíì bi í, ààfáà ò ní í ṣí ẹnu. Ẹ̀yin onígbàgbọ́ ńkọ́?"

Mo ní ní ilé tiwa, fìlà la máa ń bi.

Ó rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi mú, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ọmọ yẹn ò ní ẹlòmíì o." Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé pẹ̀lú òwú.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kọkànlá

Ìjà. Kì í ṣe ti ariwo, irú èyí tí àwo ń dún ju ẹnu lọ.

Bọ́lánlé kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn pé ẹni tí a kò bi, kò tíì gbà." Alálàyé ní ìyẹn wà fún ìbò. Ó ní ìjọba lọ́tọ̀, ilé lọ́tọ̀. Ọmọ náà ní nínú ilé, ta ló ń ṣojú òun. Bàbá rẹ̀ ní òun ni. Ọmọ ní, "Ta ló rán yín, Dádì?"

Ó ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ó wá ní ìbéèrè yẹn dára, òun á fi í bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wá bébà. Sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi, mo rọra gbé e sílẹ̀ kí n má bàa sọ ọ́ mọ́ ọn.

Bọ́lánlé dìde. Ó ní, "Fìlà yín ló gbà. Ẹ jẹ́ kí fìlà bá fọ́tò lọ sí Amẹ́ríkà."

Ó ní ọmọ náà rí òun fín. Ó tọ̀nà, ó rí i fín. Mo sì ti pẹ́ níbí, mi ò tíì gbọ́ àlàyé tó rọrùn tó báyẹn rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kejìlá

Èmi àti Bọ́lánlé lọ sí ilé tẹlifóònù láti pe Frederick. A ti gba nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́nu ìyàwó àbúrò rẹ̀. A jókòó lórí bẹ́ńṣì títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Wọ́n pe orúkọ wa, ọmọ wọ inú yàrá onígíláàsì yẹn. Mò ń wo ojú rẹ̀ láti ìta. Ó ya ẹnu. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó fi iwájú orí ti gíláàsì.

Bó ṣe sọ ọ́ fún mi rèé. Oorun ṣì wà lójú Frederick. Ó kọ́kọ́ ní Bọ́lánlé wo. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, ó kí i dáadáa, ó ní òun ò mọ̀ pé ó fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀. Màmá òun ló ní Bọ́lánlé ti búra pé bí kì í bá ṣe Frederick, òun ò ní lọ́kọ. Bọ́lánlé ní màmá rẹ̀ ló ní Frederick ń tọrọ òun lọ́sàn-án lóru. 

Fọ́tò náà, Frederick ní òun fi ránṣẹ́ sílé kí ìyá òun lè rí i pé ara òun le. Mọ́tò náà, ti ọ̀rẹ́ òun ni. Bọ́lánlé ní èèyàn dáadáa ni, òun gbádùn ohùn rẹ̀. Ó bẹ Bọ́lánlé pé kó bá òun kọ̀ ọ́, òun ò lè kọ̀ fún ìyá òun, òun ti ń bẹ̀rù rẹ̀ láti kékeré. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti gé.

Ẹni tó ń tọrọ ò tọrọ. Ẹni tó gbà ò gbà. Gbogbo àwa yòókù ni a ń ṣojú wọn.

Mo lọ bá Alálàyé. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó rọrùn fún òmìnira. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ìdajì. Ó ní, "Má dà mí láàmú, Edith. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ọmọdé, ẹbí méjì ti ṣojú wọn." Ó sì bi mí pé ṣé "kí èèyàn ṣe bó ti wù ú" dára fún òmìnira.

Mo ní ó dára púpọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Kejìlá

Bọ́lánlé ti lọ sọ́dọ̀ Mọ́ṣádé, àbúrò mi, ní Imusin. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Kó tó lọ, ó fi nǹkan kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gbé e síbi tó yẹ lọ́la. Mo ní mo gbọ́. Mò ń rin ewùrà ìkọ́kọrẹ́, mo sì ti bó ìka.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kejìlá

Mo fẹ́ kọ ọ́ kí n tó fọ àwo kan.

Ilé kún láti àárọ̀. Iṣu, oyin, ataare, obì, orógbó, Bíbélì tuntun. Wọ́n tẹ́ àga méjì síwájú. Fọ́tò ti jókòó lórí ọ̀kan, wọ́n fi fìlà tuntun kọ́ fírémù rẹ̀ lórí. Alálàyé wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀ lónìí. Wọ́n ní kó kí àlejò, ó kí wọn títí ó fi dé orí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Mo ti ti ilẹ̀kùn yàrá Bọ́lánlé, mo ní ó ń múra.

Wọ́n ní kí ìyàwó máa bọ̀. Orin bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn, èmi nìkan ni mo jáde. Mo gbé nǹkan náà mọ́ àyà, léèsì funfun ni mo fi bò ó. Mo rìn láàárín wọn, mo gbé e lé àga kejì. Àwọn kan ṣì ń kọrin, wọ́n rò pé ẹ̀bùn ni.

Ìyá Fọ́tò ló ṣí ìbòjú, nítorí ìyá ọkọ ló ni ín. Bọ́lánlé ló wà níbẹ̀, nínú káakí agùnbánirọ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn láti inú fírémù.

Orin kú díẹ̀díẹ̀, bí ó ṣe ń yé wọn.

Ìyá Fọ́tò ní ibo ni ọmọ wà. Mo bi í pé ibo ni tiwọn wà. Ó ní fọ́tò ọmọ òun ló wà níbẹ̀ yẹn, gbogbo èèyàn rí i. Mo ní ti ọmọ mi náà rèé, gbogbo èèyàn rí i. Kí pásítọ̀ máa gbàdúrà. Alhaja Ràmọ́tà fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Alálàyé dìde.  Ó wo fọ́tò kan, ó wo èkejì. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé rẹ̀, mi ò gbọ́ gbólóhùn yìí rí:

"Edith, ṣàlàyé."

Mo ní, "Aṣojú ni. Bọ́lánlé fúnra rẹ̀ ló rán an. Nínú gbogbo àwa tí a jókòó síbí, òun nìkan ni ẹnì kan rán."

Mo wá sọ ohun tí Frederick wí lórí ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀, àti mọ́tò. Ìyá Fọ́tò ò jiyàn. Ó ní òun ló bí i, ta ló tún yẹ kó gbà fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní ọdún mẹ́jọ lòun ò ti fojú kàn án, òun kàn fẹ́ kí ẹnì kan láti ilé wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹni náà máa sọ fún òun bóyá ó ń jẹun. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo pè é ní Màmá Susannah, mo bu omi fún un. Ó mu ún.

Wọ́n jẹun. Wọ́n kó iṣu wọn. Wọ́n fi aṣọ wé Frederick, wọ́n gbé e lọ sílé ìyá rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo èèyàn lọ tán, oòrùn ṣì wà. Alálàyé ṣí fìlà, ó gbé e lé àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jókòó. Ó bi mí pé kí ni Bọ́lánlé wí gan-an. Mo ní mi ò ṣojú rẹ̀, kó lọ bi í. Ó ní ká rán Bọ́dúnrìn. Mo wò ó. Ó wo fọ́tò ọmọ rẹ̀ lórí àga, ó fi etí agbádá nu gíláàsì rẹ̀ níbi tí ìka àwọn èèyàn ti kàn án.

Ó ní, "Tí mo bá débẹ̀, kí ni kí n sọ?"

Mo ní kó bi í, lẹ́yìn náà kó dákẹ́.

Ó wọ bàtà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó yíjú padà.

"Edith, mò ń lọ sí Imusin."

Fìlà ṣì wà lórí àga.